Onífìlà Tútù

Ní Kutaísì, lókè ilé oníbúrẹ́dì,
níbi tí ògiri ti ń gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́,
Tsíálà ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ó ń gé sinimá bí ẹni ń ya awẹ́ obì.

Wákàtí méjì ni fíìmù náà.
Ogun wà níbẹ̀, ìgbéyàwó wà níbẹ̀,
ẹṣin já sódò, ẹnìkan kú sínú yìnyín.
Ẹ̀gbọ́n mi fo gbogbo rẹ̀ bí ẹni fo kòtò.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló ń wá:
ọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà,
fìlà rẹ̀ tutù,
ó ṣí i, ó fẹ́ sọ̀rọ̀,
ó tún dé.
Ó dé fìlà, ó dé ilé, kò wọlé.
Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò wọlé.

Àwọn kan ní gíìfù là ń pè é,
àwọn kan lérí pé jíìfù ni,
wọ́n ń jà sí i bí ẹni ń jà sí ogún.
Tsíálà kò dá sí wọn.
Ọmọ oṣù méje ni nígbà tí ibà gbé etí rẹ̀ lọ.
Ìka ìfábẹ̀lá ló fi ń pè é:
ó yí i lẹ́ẹ̀kan lójú afẹ́fẹ́, ó parí.

Àwa elétí ń dúró de orin
kí orin wá sọ fún wa pé ó tó ẹkún sun.
Òun ti rí i ṣáájú
lọ́rùn ọkùnrin náà,
níbi tí itọ́ gbé ń lọ tí kò lọ tán.

Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán náà:
"Ẹ̀yin ará ilé, mo dé."
Ó wò mí bí ẹni tó da iyọ̀ sí tíì.
Ó pa á rẹ́, ó fọwọ́ sọ fún mi pé:
Ẹnu rẹ̀ ò tíì là.
Kí lo ń bá a sọ ọ́ sí?

Màmá wà ní Bárì, ní Ítálì,
ó ń tọ́jú bàbá arúgbó kan
tó ń fi orúkọ ìyàwó tó ti kú pè é.
Fóònù rẹ̀ ti gbó, kò lè gbé ẹrù,
igba àwọ̀ ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sì wúwo.
Tsíálà wá ń bó àwọ̀:
ó bó pupa aṣọ fèrèsé,
ó bó ewé ọ̀pọ̀tọ́ tó wà lẹ́yìn,
ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ku méjìlélọ́gbọ̀n,
ojú ọkùnrin náà di bíríkì bíríkì.
Ṣùgbọ́n omi etí fìlà, kò fọwọ́ kàn án.
Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ó ń kán. Kò kán tán.

Èmi ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àmì tó mọ̀ ò ju díẹ̀ lọ:
jẹun, sùn, wá, ó tó, jẹ́jẹ́.
Ìtìjú ni kì í jẹ́ kó yọ ọwọ́ lápò.

A fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́rú. Kò fèsì.
Ó di agogo kan òru kí fóònù Tsíálà tó gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí.
Màmá ni, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná onílé rẹ̀,
fìlà bàbá arúgbó lórí, omi ń ro lára rẹ̀.
Ó ṣí i. Ó la ẹnu.
Àtàǹpàkò bàbá tó ń yà á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn.
Ìgbà mọ́kànlá ló gé e, tó tún un gé.
Ó fi àtàǹpàkò náà sílẹ̀ níbẹ̀.
Màmá dé, Màmá tún dé.
Mo bi í pé àwọ̀ mélòó la máa bó.
Ó mi orí.
Ó ní kó wúwo bẹ́ẹ̀.